Ìwúkàrà Kì Í Kú Bọ̀rọ̀, Kì Í sì Í Dúró Sójú Kan: Àgbéyẹ̀wò Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́ Ọ Nínú Láàbù

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn àgbà láàbù máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun nípa ìwúkàrà ni pé kò ní wàhálà. Wọn ò purọ́. Ohun tí à ń fi ṣe búrẹ́dì àti bíà yìí kì í pa ẹni tó lera lára, ṣúgà àti èròjà díẹ̀ ló ń béèrè, bí oúnjẹ bá sì pé, nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 ni sẹ́ẹ̀lì kan fi ń di méjì. Gbàgbé rẹ̀ sínú fíríìjì fún oṣù kan, wàá padà bá a láàyè. Ibi tí wọ́n ti ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà ni pé wọ́n dúró síbẹ̀. Wíwà láàyè nìkan kò tó olùṣèwádìí. Ó fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó wà níwájú òun lónìí rí bíi ti èṣí, kó sì rí bíi ti ẹni tó ń ka ìwádìí òun ní Tokyo tàbí Seattle, kí ẹni yẹn lè tún un ṣe kó bá ohun kan náà. Ìwúkàrà kò sì fẹ́ràn kó dúró sójú kan. Bí a bá wo gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa títọ́ ọ láti ohun tó lé ní ogóje ọdún, ọ̀rọ̀ yìí ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n dárúkọ rẹ̀ tàbí wọn kò dárúkọ rẹ̀.

Ilé ọtí ni wọ́n ti kọ́kọ́ kojú rẹ̀. Láàárín 1857 sí 1860 ni Louis Pasteur fi hàn ní ilẹ̀ Faransé pé ohun ẹlẹ́mìí ló ń sọ ṣúgà di ọtí, àmọ́ àdàlù ló wà nínú ìgò rẹ̀. Ní Copenhagen, bíà Carlsberg bẹ̀rẹ̀ sí í korò, àwọn apọntí sì ń dá bakitéríà lẹ́bi bí Pasteur ṣe kọ́ wọn. Emil Christian Hansen, tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé ọtí náà, wò ó dáadáa, ó ní ìwúkàrà ìgbẹ́ ló yọ́ wọ àárín èyí tí wọ́n ń lò. Ohun tó ṣe rọrùn lẹ́nu, ó le lọ́wọ́: ó ń bu omi là á títí ó fi dá a lójú pé sẹ́ẹ̀lì kan péré ló kù nínú ẹ̀kán kan, ó sì tọ́ ọ̀kan yẹn títí ó fi di agbo. Ọdún 1883 ni Carlsberg bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú rẹ̀ pọn ọtí. J. C. Jacobsen tó ni ilé iṣẹ́ náà kò tà á, ó fi ta àwọn apọntí yòókù lọ́rẹ ni. Títí di òní, gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá fi wáyà tín-ín-rín fa ìwúkàrà sórí àwo kí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lè dá òkìtì tirẹ̀ hù, iṣẹ́ Hansen ló ń tún ṣe. Pasteur ni gbogbo ayé mọ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti iṣẹ́ ọwọ́ nínú láàbù ni, Hansen ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ nǹkan yára. Ní 1897, Eduard Buchner ní Jámánì lọ ìwúkàrà pẹ̀lú iyanrìn, ó fún omi inú rẹ̀, ó sì rí i pé omi náà ṣì ń sọ ṣúgà di ọtí láìsí sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè níbẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel ti 1907 tẹ̀ lé e. Ní 1935, ní láàbù Carlsberg kan náà, Øjvind Winge fi hàn pé ẹ̀dà kírómósómù kan ni ìwúkàrà ń gbé nígbà kan, méjì nígbà mìíràn. Carl Lindegren ní Amẹ́ríkà wá rí i pé oríṣi méjì ló wà nínú àwọn ẹlẹ́dàá kan, ìyẹn àwọn tó ń gbé ẹ̀dà kan ṣoṣo, tí wọ́n ń fẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń pè ní a àti alpha. Bí èèyàn bá ti lè fún wọn níyàwó, kó sì yẹ ọmọ wọn wò, ìmọ̀ àjogúnbá dé nìyẹn.

Èwo wá ni ìwúkàrà láàbù gan-an? Ní 1938, Emil Mrak rí ìran kan lórí èso ọ̀pọ̀tọ́ tó ń jẹrà ní ìlú Merced, ní California. EM93 ni wọ́n pe ìyẹn. Robert Mortimer mú un, ó fún un ní oríṣiríṣi ìyàwó, ó ń ṣà nínú àwọn ọmọ títí ó fi rí èyí tó ń pè ní S288C. Nǹkan bí ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún DNA rẹ̀ ló jẹ́ ti ará ọ̀pọ̀tọ́ yẹn. S288C yìí ni ayé gbé lé orí àga: òun ni àwọn onímọ̀ tó lé ní 600, tí André Goffeau kó jọ, ka DNA rẹ̀ tán pátápátá ní 1996, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí sẹ́ẹ̀lì wọn ní àpò fún kírómósómù bíi tiwa. Kírómósómù 16, lẹ́tà DNA bíi mílíọ̀nù 12, jíìnì bí 6,000.

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ ni pé aláàbọ̀ ara ni S288C. Mortimer fẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí kì í lẹ̀ mọ́ra, kí kíkà rẹ̀ lè rọrùn. Èyí tó yàn kì í lẹ̀ mọ́ra nítorí pé jíìnì FLO8 rẹ̀ ti bàjẹ́, ó sì gba ọdún púpọ̀ kí láàbù Gerald Fink tó fi èyí hàn ní 1996. Ohun kan tún já wọ inú jíìnì HAP1 rẹ̀, èyí tó yẹ kó máa bá a ṣètò bó ṣe ń lo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. DNA mitokọ́ńdíríà rẹ̀ tún máa ń sọnù ju ti àwọn ìran mìíràn lọ. Ìyẹn ni pé ohun tí a gbé kalẹ̀ bí òṣùwọ̀n fún gbogbo ìwúkàrà ayé jẹ́ èyí tí ọwọ́ ènìyàn ti ṣà fún ìrọ̀rùn ara rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn mìíràn fi ń lo ìran W303, tàbí SK1 tí kì í jẹ́ kí ebi pa á pẹ́ kó tó bí sípóò. Ẹni tó bá rí nǹkan nínú ọ̀kan, tó kọ ọ́ bí ẹni pé ìwúkàrà gbogbo ló ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ó ti sọ ju ohun tó rí lọ.

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé àbúrò rẹ̀ tó wá láti Áfíríkà. Ní 1893, Paul Lindner ní Jámánì rí ìwúkàrà mìíràn nínú ọtí ọkà bàbà láti ìlà oòrùn Áfíríkà, ó sì fi orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe ọtí náà sọ ọ́: Schizosaccharomyces pombe. Kì í rú ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti búrẹ́dì. Yóò gùn bí ọ̀pá kékeré, yóò sì pín láàárín. Kírómósómù mẹ́ta péré ló ní. Nítorí pé gígùn rẹ̀ ń sọ ibi tó dé nínú ìgbésí ayé rẹ̀, Paul Nurse, tó ń ṣiṣẹ́ ní Edinburgh, lè fi ojú lásán lábẹ́ máíkírósíkóòpù mọ àwọn tó pín kí wọ́n tó dàgbà tó bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ Scotland fún kékeré, wee, ló fi sọ jíìnì wọn. Ní 1987, Nurse àti Melanie Lee mú jíìnì ènìyàn, wọ́n fi dípò èyí tó bàjẹ́ nínú pombe, sẹ́ẹ̀lì náà sì ń pín lọ. Kò sí àríyànjiyàn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn pé ohun tí ìwúkàrà ń sọ kàn wá.

Nípa oúnjẹ, láàbù kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń sè é, ṣùgbọ́n YPD ni gbogbo wọn mọ̀: ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún omi èròjà tí wọ́n fún jáde lára ìwúkàrà fúnra rẹ̀, ìdá 2 peptone, ìdá 2 gúlúkóòsì. Bí wọ́n bá fẹ́ kó dì nínú àwo, wọ́n á fi ágà ìdá 2 sí i. Wọ́n á sè é nínú autoclave ní 121°C fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹni tó bá gbọ́n máa ń se gúlúkóòsì lọ́tọ̀, torí bí ó bá bá èròjà yòókù pọ̀ nínú ooru yẹn, ó máa ń pọ́n, ìpọ́nra yẹn sì jẹ́ pé oúnjẹ ti yí padà. Oúnjẹ kejì ni èyí tí wọ́n ń fi kẹ́míkà tí wọ́n mọ̀ dáadáa pò, kí wọ́n lè yọ èròjà kan kúrò nínú rẹ̀. Ìran BY4741, ọmọ S288C tí ó kún láàbù gbogbo, kò lè dá uracil, histidine, leucine àti methionine ṣe. Bí o bá fún un ní jíìnì tó ń ṣe uracil, tí o sì gbé e sórí oúnjẹ tí kò ní uracil, àwọn tó gba jíìnì náà nìkan ló máa hù. Ọgbọ́n yìí ni ìdajì iṣẹ́ ìwúkàrà dúró lé. Àmọ́ ó ní iye tó ń náni: sẹ́ẹ̀lì tí kò lè dá èròjà mẹ́rin ṣe kì í gbé ayé bíi ti èyí tó lè ṣe é, a kì í sì í sábà rántí fi ìyẹn kún ìṣirò.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù lọ kò fara hàn bí ìbàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á bu òkìtì kan sínú YPD ní ìrọ̀lẹ́, á gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń mì í ní 30°C, á lọ sùn. Ní òwúrọ̀, ìgò ti ki bí ògì, ó sì mú un lọ ṣe àyẹ̀wò. Kí ló wà nínú ìgò yẹn? Ìwúkàrà máa ń yan ṣúgà ju ohun gbogbo lọ, kódà bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ tó, ó fẹ́ràn kó sọ ọ́ di ọtí kíákíá ju kó fi ọ́síjìn jó o tán lọ. Nígbà tí ṣúgà bá tán, ó máa dúró díẹ̀, ó máa yí gbogbo ilé rẹ̀ padà, lẹ́yìn náà ni yóò máa mu ọtí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ní 1997, Joseph DeRisi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford wo gbogbo jíìnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bó ṣe ń ṣe ìyípadà yìí: nǹkan bí 1,700 nínú nǹkan bí 6,000 ló lọ sókè tàbí wálẹ̀ ní ìlọ́po méjì ó kéré tán. Sẹ́ẹ̀lì àárọ̀ yẹn kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe nígbà tó ń dàgbà, ó gbọ́dọ̀ bu díẹ̀ nínú ìgò àárọ̀ náà sínú oúnjẹ tuntun, kó dúró kí ó pín ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kó tó fọwọ́ kàn án. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni ìyẹn ń gbà, òun ló sì fà á tí onísùúrù fi ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa ju olóye lọ.

Kíkà náà ní àrékérekè tirẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ 600 nanomítà gba inú omi náà kọjá ni gbogbo láàbù ń lò, nọ́ńbà tó bá gbé jáde ni wọ́n ń pè ní OD. Wọ́n á ní OD 1 jẹ́ mílíọ̀nù 10 sí 30 sẹ́ẹ̀lì nínú mìlílítà kan. Ẹ wo bí àlàfo yẹn ṣe tó! Ẹ̀rọ kì í ka sẹ́ẹ̀lì, ó ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fọ́n ká ni. Sẹ́ẹ̀lì ńlá ń fọ́n ọn ju kékeré lọ, ẹlẹ́dàá méjì sì tóbi ju ẹlẹ́dàá kan lọ. Bí omi bá ki ju bó ṣe yẹ lọ, nọ́ńbà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ ju òtítọ́ lọ, àfi kí wọ́n bomi là á kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Gíláàsì tí wọ́n ti fi ìlà pín sí àpótí kéékèèké, pẹ̀lú máíkírósíkóòpù, kò náni tó ẹ̀rọ, ó lọ́ra, òun sì ni mo fọkàn tán. Ẹni tó bá ń fi ojú rí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lójoojúmọ́ á tún rí ohun tí nọ́ńbà kò lè sọ: mélòó ló ti yọ ọmọ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, mélòó ni ọmọ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyá, mélòó ni kò yọ nǹkan kan. Bí gbogbo wọn bá dá ọmọ yíyọ dúró, oúnjẹ ti tán nìyẹn tàbí nǹkan ń ṣe wọ́n.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí wà nínú ìtàn ìwádìí lórí ọjọ́ ogbó. Ní 1959, Mortimer àti John Johnston rí i pé ìyá ìwúkàrà kan máa ń bí nǹkan bí ọmọ 25 kó tó dákẹ́. Láti mọ iye yìí, ẹnì kan ní láti jókòó ti máíkírósíkóòpù, kó máa fi abẹ́rẹ́ gíláàsì mú ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá bó bá ti ń bí i, kó gbé àwo sínú fíríìjì ní alẹ́ kí òun náà lè sùn. Leonard Guarente àti àwọn ọmọ láàbù rẹ̀ ní MIT sọ ní 2000 pé bí wọ́n bá dín ṣúgà ìwúkàrà kù, ọjọ́ rẹ̀ ń gùn, jíìnì SIR2 ló sì ń ṣe é. Ní 2004, Matt Kaeberlein, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Guarente tẹ́lẹ̀, fi hàn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé nínú ìran mìíràn, ọjọ́ náà ń gùn láìsí SIR2. Bẹ́ẹ̀ náà ni resveratrol, èròjà inú wáìnì pupa tí ìwé ìròyìn gbé gẹ̀gẹ̀ ní 2003 pé ó ń mú ẹ̀mí ìwúkàrà gùn. Nígbà tí wọ́n dán an wò nínú ìran mẹ́ta ní 2005, wọn kò rí i. Ọ̀nà kejì tún wà tí wọ́n ń gbà wọn ogbó: iye ọjọ́ tí sẹ́ẹ̀lì tí kò pín mọ́ lè fi wà nínú ìgò. Ní 2009, Christopher Burtner àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọ̀pọ̀ ohun tí ń pa wọ́n nínú ìgò yẹn ni ásíìdì tí wọ́n ń tú sí omi ara wọn, irú èyí tó wà nínú fínígà. Àwọn kan ti ń kọ̀wé nípa ọjọ́ ogbó, nígbà tó jẹ́ pé omi kíkan ni wọ́n ń wọ̀n. Èmi kì í fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́ ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn náà ló lọ wádìí rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìwádìí kan bá kàn kọ pé àwọn tọ́ ìwúkàrà "bí wọ́n ṣe máa ń tọ́ ọ", tí kò sọ ìran, oúnjẹ àti OD tí wọ́n fi mú un, kò sọ nǹkan kan.

Bí a bá wá gbà pé ìran kan dára, báwo la ṣe ń pa á mọ́? Gílísẹ́rọ́ọ̀lù ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún, nínú fíríísà tó tutù dé 80 lábẹ́ òdo, ni ìdáhùn àwọn láàbù tó lówó. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwo inú fíríìjì kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ kó tó di ohun tí kò yẹ kí a gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tó burú jù ni kí a máa bu láti àwo sí àwo ní oṣooṣù, nítorí pé gbogbo ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín ni àyípadà lè wọlé, èyí tó bá sì ń hù yára jù ló ń gba àwo. Boris Ephrussi ti rí ọ̀kan nínú irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ní Faransé ní òpin àwọn ọdún 1940: àwọn òkìtì kan kéré, wọ́n sì ní mitokọ́ńdíríà tí kò ṣiṣẹ́. Petite ni wọ́n ń pè wọ́n títí di òní. Wọn ò lè jẹ gílísẹ́rọ́ọ̀lù, nítorí náà àyẹ̀wò wọn rọrùn: fà wọ́n sórí oúnjẹ tí gílísẹ́rọ́ọ̀lù nìkan ló dípò ṣúgà nínú rẹ̀, èyí tí kò hù ti di petite. Mo mọ̀ pé àyẹ̀wò yìí kò gba ju àwo kan lọ, ó sì ń yà mí lẹ́nu bí àwọn tó ń fò ó ṣe pọ̀ tó. Ní 2000, nígbà tí Timothy Hughes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ nǹkan bí 300 nínú àwọn ìran tí wọ́n ti yọ jíìnì kan kúrò nínú wọn, wọ́n rí i pé nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ti gbé odidi kírómósómù kan tàbí apá rẹ̀ lé orí tẹ́lẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí o gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ yóò wá ọ̀nà láti ṣe é láìsí i.

Fífi jíìnì tuntun sínú rẹ̀ ti di iṣẹ́ ọ̀sán kan. Albert Hinnen, James Hicks àti Gerald Fink ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1978, wọ́n ní láti bó èèpo ara sẹ́ẹ̀lì kúrò. Ní 1983, ẹgbẹ́ kan ní Japan fi hàn pé iyọ̀ lithium àti ooru díẹ̀ tó. Ohun tí ìwúkàrà fi ta gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ni pé bí o bá fún un ní DNA tí etí rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, ibi tó bá mu gan-an ló máa gbé e sí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè yọ ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún jíìnì rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, tí ẹgbẹ́ Jef Boeke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé sì fi ń kọ gbogbo kírómósómù rẹ̀ lákọ̀tun. Ní Nàìjíríà, irú ìwúkàrà tí a yí jíìnì rẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ àjọ NBMA tí òfin 2015 dá sílẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń dà sínú gọ́tà.

Ooru ni ohun mìíràn tó yẹ kí àwa tó wà ní ilẹ̀ olóoru ronú lé lórí. Leland Hartwell ní Seattle lo àwọn ìwúkàrà tí jíìnì wọn ń ṣiṣẹ́ ní 23°C ṣùgbọ́n tó ń dúró ní 36°C, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń dúró mọ ẹni tó ń ṣe kí ni nínú pípín sẹ́ẹ̀lì. Òun, Nurse àti Tim Hunt gba Nobel ní 2001. Irú ìwúkàrà yẹn ló kún inú fíríísà láàbù káàkiri, ìwé ìtọ́sọ́nà á sì kọ ọ́ pé kí o gbé e sí "orí tábìlì" kó wà ní 25. Irú tábìlì tí wọ́n kọ ìwé náà lé lórí kò sí ní Ìbàdàn ní oṣù Kẹta. Tábìlì tiwa ń gba 30 lọ, èyí tó wuyì fún ìwúkàrà búrẹ́dì lásán, tó sì lè ba ti Hartwell jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ̀. Àpótí tó lè tutù bó ṣe lè gbóná ló yẹ kó wà nínú ìwé ìnáwó wa, ṣáájú ọ̀pọ̀ ohun tí a ń kọ síbẹ̀.

Ti ìdọ̀tí kò pẹ́ sọ. Bakitéríà àti olú ara búrẹ́dì ló ń bọ́ sínú rẹ̀. Imú ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́: ìwúkàrà tó mọ́ ń rùn bíi búrẹ́dì tuntun, èyí tó bá ń rùn bí omi kíkan, ẹ dà á nù lẹ́yìn tí ẹ bá sè é. Iná spirit, ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ń fẹ́, àti ọwọ́ tí kò yára ju bó ṣe yẹ lọ ló kù.

Ọwọ́ náà ló ń ṣe é nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ya ọmọ mẹ́rin sọ́tọ̀. Bí ebi bá pa ẹlẹ́dàá méjì lórí oúnjẹ tó jẹ́ potassium acetate, ó máa ń bí sípóò mẹ́rin sínú àpò kan. Omi inú ìgbín ni wọ́n fi ń tú àpò yẹn nígbà àtijọ́, kẹ́míkà mìíràn ti wà báyìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gíláàsì gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níkọ̀ọ̀kan tò sórí ágà. Bí méjì bá ní àbùdá kan tí méjì kò ní, jíìnì kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀ nìyẹn. Ní 1970 ni Fink àti Fred Sherman bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn ní èyí ní Cold Spring Harbor ní ìpínlẹ̀ New York. Kò sí ẹ̀rọ tó ti mú ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ ọ kúrò.

Àwọn tó ń fi ìwúkàrà ṣe oògùn ló mú ọ̀rọ̀ wíwà-lójú-kan yìí ní òkúnkúndùn jù. Ní 1986 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ B tí wọ́n fi ìwúkàrà ṣe. Gardasil, abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, wá láti inú ìwúkàrà búrẹ́dì náà. Òun ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní oṣù Kẹwàá 2023, tí Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, agbo sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni wọ́n ti dì pa mọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìgò kéékèèké. Ìgò kan ni wọ́n ń ṣí fún iṣẹ́ kan, wọn kì í dá èyí tó kù padà, wọ́n sì ń yẹ DNA rẹ̀ wò. Ìlànà tó kù fún láàbù yunifásítì náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kìkì pé owó rẹ̀ ni kò tó.

Ní 2009, Gianni Liti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi DNA to ìwúkàrà ayé sí ìdílé, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì jẹ́ ìdílé kan lọ́tọ̀ níbẹ̀. Àwọn ìran tí wọ́n ń fi ṣojú ìdílé náà wà ní ibi ìpamọ́ ìwúkàrà ní Norwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní Perugia ní Ítálì. Ìran kan tí wọ́n mọ̀ sí PW5, tí ó wá láti inú ẹmu ògùrọ̀ ní Aba, náà wà lára èyí tí wọ́n ti ka DNA rẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹmu ìhà ibí kò tíì tó nǹkan nínú irú àkọsílẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti bẹ̀rẹ̀: ẹ bu ẹmu tuntun sórí ágà tí ẹ ti fi chloramphenicol sí, kí bakitéríà má lè hù, ẹ fa òkìtì tó bá jáde ní ẹ̀ẹ̀mejì bíi ti Hansen, ẹ wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Nípa ibi tí a óò tọ́jú rẹ̀ sí nígbà tí iná kò dúró, Aldo Castellani ti kọ ìdáhùn kan ní 1939 tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé. Bu òkìtì tó ń hù dáadáa sínú omi dísítíìlì tí o ti sè nínú autoclave, dé ìgò náà pa, gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù. Láìsí oúnjẹ, wọn kì í pín, àyípadà kò sì ní rí àyè wọlé bíi ti àwo. Ọ̀pọ̀ ìwúkàrà ń wà láàyè bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ìyẹn kò lè dípò fíríísà fún ìran tí wọ́n ti yí jíìnì rẹ̀ padà fún iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n fún ìran ẹmu tí a kó láti oko, ìgò omi méjì-méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní yunifásítì kan, ìkejì ní ìlú mìíràn, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n bu ú, igi tí wọ́n ti dá a, àti ẹni tó fà á sórí àwo sí, yóò ṣe é. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n bu díẹ̀ sórí YPD àti sórí gílísẹ́rọ́ọ̀lù, kí wọ́n fi méjèèjì wéra.